Ìyàwó Mi àti Ògiri Tó Dédé Gbẹ

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìfura, ẹ wá bá wa gbé fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ìyàwó mi kì í ra búrẹ́dì kó má kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ yípo. Tí mo bá ní mo ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, tí mo bá dé, á wo irun náà, á wo ojú mi, á tún wo erùpẹ̀ tó wà lára bàtà mi. Tí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń sáré kó aṣọ wọlé, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣó dá yín lójú pé òjò ni?" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Ṣódálójú nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn míì ò mọ òmíràn mọ́. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, mo ti gba kámú. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ìfura loògùn àgbà. Tèmi ni pé wọ́n ti lo oògùn náà lálòjù nínú ilé wa.

Télọ̀ ni mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lójú fèrèsé yàrá iwájú, ibẹ̀ ni mo ti ń rí gbogbo ẹni tó ń gòkè lọ síbi ìsédò, ògiri ńlá tí wọ́n fi sé odò, àti ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pe àdúgbò wa. Etí odò ló wà, níbi tí omi ń gbà lọ lẹ́yìn tó bá ti yí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń mú iná wá. Tí ẹ bá gbójú sókè nínú àgbàlá wa, ògiri ìsédò lẹ máa rí, láti orí òkè kan dé orí ìkejì. Ògiri náà ti darúgbó. Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, ṣì jẹ́ ọmọge nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, àwọn ló sì ń ru omi mímu fún àwọn òṣìṣẹ́. Wọn ò sì jẹ́ ká gbàgbé.

Inú ògiri yẹn ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá tí èèyàn lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tútù, kò ní fèrèsé, gílóòbù ló ń tàn síbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, lẹ́bàá ilẹ̀, àwọn tó kọ́ ìsédò fi ihò sílẹ̀ káàkiri, ihò tó fẹ̀ tó ẹnu ife. Omi máa ń jáde níbẹ̀ sínú gọ́tà, ẹ̀rọ á sì fà á dànù síta. Iṣẹ́ ìyàwó mi ni kó máa wo àwọn ihò náà láràárọ̀, kó gbé garawa sí i, kó sọ fún ọ̀gá bóyá omi pọ̀ sí i tàbí ó dín kù, bóyá ó mọ́ tàbí ó rú. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ mọ èèyàn yàn. Wọ́n ń wá ẹni tó máa fura sí omi, wọ́n sì rí ẹni tó ń fura sí búrẹ́dì.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò kúkú dí àwọn ihò náà kí ilẹ̀ gbẹ. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń jẹ yanrìn.

"Adágún omi tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ṣé o rò pé ó sùn ni?" ó ní. "Ojoojúmọ́ lomi ń yọ́ gba abẹ́ ògiri. Tó bá ríhò, á jáde jẹ́jẹ́. Tí ò bá ríhò, á kóra jọ síbẹ̀, á máa ti ògiri láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tó bá fi lè mì ín díẹ̀ báyìí, ilé wa ló máa kọ́kọ́ kí."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bi í ní ohunkóhun mọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Kí èèyàn má mọ nǹkan náà ní ìgbádùn tiẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ nítorí omi, ó ṣubú lé ọwọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n dì í fún un nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí egungun á fi jinná. Ẹ bá mi káàánú ara mi. Èmi ni mò ń se oúnjẹ, èmi ni mò ń fọ abọ́, òun á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á máa wò mí. "Ṣé o ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì yẹn? Ṣó dá ẹ lójú?" Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ náà, tó padà síbi iṣẹ́, mo ṣọpẹ́. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà yẹn, ó wọlé, kò bọ́ bàtà. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ mi.

"Ó gbẹ," ó ní.

"Kí ló gbẹ?"

"Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ihò kankan ò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tó wà nílé, àwọn àlejò láti olú ilé iṣẹ́ fẹ́ wá yẹ ìsédò wò. Bí wọ́n sì ti máa ń ṣe tí àlejò ńlá bá ń bọ̀, wọ́n kó lébìrà wá, wọ́n tún ibi gbogbo ṣe, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà látòkè délẹ̀. Àwọn àlejò ti dé, wọ́n ti rí ilẹ̀ tó gbẹ táútáú, wọ́n ti yìn wọ́n, wọ́n ti lọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń sọ pé ara ìsédò ti yá. Èmi náà ní, "Ẹ kú oríire."

"Oríire ti ta ni?" ó bi mí. "Omi tó ti ń jáde kí wọ́n tó bí ẹ, ó kàn jí lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò jáde mọ́? Níbo ló wà báyìí?"

Ó tún ní aago tó ń wọn agbára omi lábẹ́ ògiri ti bàjẹ́ tipẹ́, wọn ò tíì rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, adágún ń kún. Ó bojú wẹ̀yìn sí yàrá Màámi, níbi tí Màámi ti ń fi òróró pa orúnkún wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n yára rìn mọ́. Mo mọ ohun tó ń rò. Tí ògiri yẹn bá ṣe bí ẹni fẹ́ ṣí, èmi lè sáré, òun lè sáré.

Ọ̀la ẹ̀ ló lọ bá Màámi pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn tó ń gbé lórí òkè. Màámi ní, "Ògiri tí mo ru omi fún, ó mọ̀ mí." Wọ́n yí ojú sí ògiri yàrá, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹni tí ìyàwó mi wá kọjú ìfura sí ni Ẹnjiníà. Ọ̀dọ́kùnrin ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá ni, ìgbà tí ìyàwó mi wà nílé ló dé gẹ́lẹ́. Ìyẹn nìkan ti tó. Ní ilé wa, ọkùnrin náà ti jẹ̀bi kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Lálaalẹ́ ni mò ń gbọ́ tuntun nípa rẹ̀. Kò kó ìyàwó àtọmọ rẹ̀ wá. Orí òkè ló gba ilé sí, kò gbà á sí Ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ibi iṣẹ́. Tó bá gbé mọ́tò rẹ̀ síwájú ọ́fíìsì, ojú mọ́tò náà máa ń kọ sí ọ̀nà òkè.

"Ibo lo fẹ́ kó kọjú ẹ̀ sí?" mo bi í. "Sínú omi?"

"Ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ kì í ya mọ́tò sílẹ̀ de eré," ó ní. "Ejò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló ní kí wọ́n dí àwọn ihò yẹn kó lè rójú rere àwọn àlejò."

Mo ní kó lọ bi í léèrè ojúkojú dípò kó máa ṣọ́ mọ́tò ọmọ ọlọ́mọ. Ó lọ lóòótọ́. Ó bá Ẹnjiníà ní ọ́fíìsì, àwòrán ìsédò wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Kò tíì la ẹnu tán tí Ẹnjiníà fi ní, "Ìyá, èmi gan-an ti ń dúró dè yín. Ihò wà nínú àwòrán yìí, kò sí lára ògiri. Kí n tó dé ni wọ́n ti kun ibẹ̀ tán. Ẹ̀yin lẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ibi tí wọ́n wọlé sí fún mi. Àbí ẹ kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Ẹ gbà mí. Ẹ bi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bóyá ó máa ń débẹ̀. Ìyàwó mi kó garawa rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó délé, ó ju garawa náà sílẹ̀. "O ò rí i pé ó ti ń wá ẹni tó máa ti ẹjọ́ náà sí lọ́rùn?" Báyìí làwọn méjèèjì ṣe ń fojú ìfura wo ara wọn. Ẹnjiníà rò pé òṣìṣẹ́ àtijọ́ yìí mọ nǹkan tó ń fi pamọ́. Ìyàwó mi rò pé ọ̀gá tuntun yìí ló ṣiṣẹ́ ibi tó fẹ́ sá lọ. Ohun kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì lẹ́rù, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún ìkejì. Omi ń kún ní tiẹ̀.

Mo ní àbúrò kan ṣoṣo. Bíríkìlà ni, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń pè é. Ó dúdú, ó sígbọnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òun ló kọ́ kíṣìnnì wa, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tó parí ẹ̀, ìyàwó mi fi èékánná ha ara ògiri náà, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé sìmẹ́ǹtì tó wà nínú yìí pé?" Bíríkìlà fọ irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé láìjẹun. Láti ìgbà náà, tó bá wá, á ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ilé," òun náà á ní, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," ó parí nìyẹn. Ìyàwó mi gbà pé Bíríkìlà ò fẹ́ràn òun, pé kò fẹ́ kí n fẹ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ní irọ́ ni, á ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Bíríkìlà wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Màámi wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ìyàwó mi tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gbẹ, ó ń sọ ohun tí Ẹnjiníà ṣe àti ohun tí ò ṣe. Bíríkìlà ń wo inú abọ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀ tó gbẹ ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ báyìí, Ìyàwó wa?" ó ní. "Kò ṣá yọ̀ mọ́."

Mo rí i tí síbí dúró lọ́wọ́ ìyàwó mi. Nígbà tí Bíríkìlà jẹun tán, ó kí wa, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi wọ kíṣìnnì. Mo gbọ́ tó ń sún ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì tan ara ògiri láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí Bíríkìlà ti dí ihò páìpù kan fún wa lọ́jọ́sí.

"Wá wo ibí," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan fún yín nípa àbúrò mi. Tó bá dí ihò tán, ó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ àárín sìmẹ́ǹtì náà kó rì díẹ̀, bí ìdodo ọmọ. Ó ní òun fi ń mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti kún dáadáa ni. Mi ò rí bíríkìlà míì tó ń ṣe é. Ìdodo náà wà níbẹ̀ lára ògiri kíṣìnnì wa.

"Irú ẹ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀," ìyàwó mi ní. "Lábẹ́ ọ̀dà. Mo ti rí méjì, mo ti fọwọ́ kàn án, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ta ló sọ fún àbúrò ẹ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò yọ̀ mọ́?"

"Ìwọ lo sọ pé ó gbẹ."

"Mo ní ó gbẹ. Mi ò dárúkọ pé ó ń yọ̀ rárá lónìí."

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ báyìí nítorí pé bó ṣe rí nìyẹn. Mo ní ó ti fura sí ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ó ti fura sí Ẹnjiníà, ó wá ku ọmọ ìyá mi. Mo ní tó bá jẹ́ pé ìdílé mi ni kò fẹ́, kó sọ ọ́ síta. Mo ní ògiri ọ́fíìsì ni Bíríkìlà sọ fún mi pé òun ń tún ṣe ní ìsédò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n kó lébìrà wá, àbúrò mi kì í sì í purọ́ fún mi. Kò bá mi jà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ti ṣẹ́ nígbà kan mú, ó ní, "Inú mi ì bá dùn tó bá jẹ́ pé irọ́ ni mò ń pa." Ohùn rẹ̀ ló dẹ́rù bà mí. Mo ti mọ ohùn ìfura rẹ̀ dáadáa, èyí kì í ṣe òun.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sílé Bíríkìlà kó tó jáde. Ó ń fọ ẹnu lẹ́yìnkùlé. Mi ò yí ọ̀rọ̀ náà po.

"Ṣé ìwọ lo dí àwọn ihò inú ìsédò?"

Ó tu omi ẹnu rẹ̀ dànù. "Èmi ni," ó ní, ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ká dí ibi tó sán nílẹ̀ kí àwọn ọlọ́dà tó wọlé. Mo débẹ̀, mo rí omi tó ń tú jáde lára ògiri, mo ní, áà, ibi tí ìyàwó wa ti ṣubú rè é. Ẹ̀gbọ́n, omi tó bá ń jò lára ògiri, ìtìjú bíríkìlà ni. Mo fi igi àti àkísà kì í wọnú dáadáa, mo fi sìmẹ́ǹtì tó pé dí i. Gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ ni mo ń ṣe é."

"O ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Tí ìyàwó yín bá gbọ́ pé èmi ni, á ní kí wọ́n tú u wò bóyá sìmẹ́ǹtì ẹ̀ pé. Mo ní kó ṣá ti máa rìn níbẹ̀ láìṣubú, kò pọn dandan kó mọ ẹni tó ṣe é."

Mo ṣàlàyé fún un bí ìyàwó mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà náà lọ́hùn-ún, omi tó ń wá ọ̀nà, ògiri tí wọ́n ń tì láti ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó bojú wo ìsédò lókè, ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò tiẹ̀ wọ bàtà tán tó fi ń sáré.

A bá ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Kò bi Bíríkìlà ní ohunkóhun, ó kàn ṣíwájú wa wọlé bá Ẹnjiníà, ó ní, "Ọ̀gá, mo ti rò yín ní ìrò burúkú. Ẹ dárí jì mí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ mi kékeré yìí fẹ́ sọ." Bíríkìlà sọ gbogbo rẹ̀. Ẹnjiníà ò bú u. Ó fọwọ́ lérán títí tó fi parí, ó wá ní, "Ibi tí wọ́n wà gẹ́lẹ́ ò hàn nínú àwòrán, ọ̀dà ò sì jẹ́ kí Ìyá pàápàá rí wọn mọ́. Ògiri tó ti gbó báyìí, èèyàn ò lè máa lù ú káàkiri. Ṣé o lè fi gbogbo wọn hàn mí? Ṣé o mọ bí igi náà ṣe wọlé tó?" Bíríkìlà ní òun mọ̀.

Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí télọ̀ ń wá nínú ìsédò, mo tẹ̀ lé wọn wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Ibẹ̀ funfun láti òkè délẹ̀ bíi wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bíríkìlà ń fi àtàǹpàkò wá ìdodo rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ọ̀dà, ìyàwó mi ń tẹ̀ lé e, ó ń fi ẹfun yí wọn po. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri wá. Bíríkìlà ní òun lòun máa lù ú. Ẹnjiníà ní kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má dúró síwájú ihò. Ó gbọ́, àmọ́ nígbà tí sìmẹ́ǹtì já, igi náà fò jáde, omi sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ariwo, ó na ògiri òdìkejì. Gbogbo wa fà sẹ́yìn.

Ó kọ́kọ́ mọ́. Inú mi dùn. Ìyàwó mi ò yọ̀, ó gbé garawa sí i, ó ń wo inú rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àwọ̀ omi náà yí padà, ó pọ́n bí omi ìfọsẹ̀ àgbẹ̀.

Ẹnjiníà ki ọwọ́ bọ inú garawa, ó fi ìka ra ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ilẹ̀ ni," ó ní. "Ó ń hú ilẹ̀ bọ̀ lábẹ́ ògiri." Ó dìde. Ó ní gbogbo ihò ni kí wọ́n ṣí, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó mọ́. Ó ní òun gbọ́dọ̀ ṣí àwọn ilẹ̀kùn ńlá òkè kí adágún lè fà kíákíá, kí ẹrù tó wà lẹ́yìn ògiri lè fúyẹ́. "Omi tí mo bá tú sílẹ̀ máa wọ Ìsàlẹ̀," ó ní. "Tí mi ò bá tú u sílẹ̀, mi ò mọ ohun tí ògiri máa ṣe. Ẹ lọ kó àwọn èèyàn yín kúrò níbẹ̀ báyìí."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò rántí ẹ̀ létòlétò. Fèrè ìsédò ń dún, àwọn èèyàn ń ru bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa ewúrẹ́, wọ́n ń pe ọmọ. Mo tú orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo gbé e lé èjìká, mo fi ìyókù sílẹ̀. Màámi ní àwọn ò lọ. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo bẹ̀ wọ́n, ìyàwó mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ògiri àwọn ò ní ṣe àwọn ní nǹkan kan. Bíríkìlà ló wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Màámi," ó ní, "èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi ni mo dí i."

Màámi tú ọwọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Bíríkìlà pọ̀n wọ́n, a gòkè.

Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè ni gbogbo wa dúró sí. Ibẹ̀ la ti ń wò ó nígbà tí omi dé. Kò yára, ó ń rọra gun ojú ọ̀nà, ó wọ ilé alágbàfọ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Fèrèsé mi kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni kíṣìnnì wó lápá kan, òrùlé rẹ̀ sì tẹ̀ lé omi lọ. Ìyàwó mi sunkún, mi ò rí kó sunkún báyìí rí. Ìsédò dúró. Kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ Ìsàlẹ̀ ti lọ.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa mú. Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pé ọmọ tuntun tí wọ́n gbé wá yẹn, Ẹnjiníà, ló tú omi sórí àwọn. Òmíràn ní òun ti ń fura sí i tipẹ́, pé kò kó ìyàwó rẹ̀ wá. Mo mọ ibi tí onítọ̀hún ti gbọ́ ọ. Ohùn ń pọ̀ sí i, àwọn ọkùnrin kan ti ń ṣa igi. Bíríkìlà wà lẹ́bàá ògiri ilé ẹ̀kọ́, ó sorí kọ́, Màámi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi nu ojú, ó bọ́ sí àárín wọn.

"Ẹnjiníà kọ́," ó ní. "Òun ló jẹ́ ká wà láàyè. Ilé tiwa lọ̀rọ̀ ti jáde. Àwọn ihò tí omi fi ń jáde nínú ògiri, ọkọ mi kékeré ló dí wọn, kò mọ̀, ó rò pé wọ́n ń jò ni. Mo ti ṣubú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi sì ṣẹ́. Kí n má baà ṣubú mọ́ ló ṣe ṣe é. Òun kan náà ló sì fi wọ́n hàn wá ká tó lè ṣí i. Tí ẹ bá fẹ́ lu ẹnikẹ́ni, èmi rè é, ẹ kọ́kọ́ lù mí kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Alágbàfọ̀ tutọ́ sílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wá, kò sì sẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Àwọn èèyàn ń wọ inú kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yà fún wa bí ẹni ń yà fún adẹ́tẹ̀.

Màámi na ọwọ́ sókè. "Bíríkìlà, gbé mi wọlé," wọ́n ní.

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbé yín," ó ní. Kò gbójú sókè.

Kí n tó lè sún, ìyàwó mi ti débẹ̀. Ó fa Bíríkìlà dìde, ó ní kó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé Màámi lé e lẹ́yìn níṣojú gbogbo ayé. Ó fi ìró ara rẹ̀ di wọ́n mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló ṣíwájú wọn lọ sí kíláàsì nínú òjò, kò sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ó mú wọn dáadáa.